Ìṣísẹ̀ Mẹ́ta Kọjá Ààlà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó mọ̀ pé omi lè dì gbagidi lójú ọ̀nà kó sì gbé àgbàlagbà ṣubú, koríko nìkan ni ọ̀tá ọ̀nà tí mo mọ̀. Ọ̀nà oko wa gùn. Ó gba ẹ̀yìn ilé wa, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, ó tún gun òkè kan kó tó dé ibi tí oko àwọn bàbá wa wà. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, koríko á bo ojú ọ̀nà, ejò á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kò sí ìjọba kankan tí à ń retí pé kó wá bá wa ṣe é. Àwa la ni ọ̀nà, àwa náà la sì ń ro ó.

Lọ́jọ́ tí ìlú bá dá fún ọ̀nà ríro, ilé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnì kan jáde. Okùn gígùn kan ni àwọn àgbà fi ń wọn ọ̀nà náà. Ibi tí ìpín ilé kan bá parí sí, wọ́n á ki igi mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ti ilé kejì á sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í na ilé tí kò bá rán ẹnikẹ́ni o. Orin ni wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ kọ, àwọn ọmọdé á sì máa kọ ọ́ kiri títí oṣù á fi parí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé orin lásán ni, àmọ́ lójú tiwa, ẹgba sàn jù ú lọ.

Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Obìnrin márùn-ún ni ìyá wa bí, èmi sì ni àkọ́bí. Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àdá ṣá bàbá mi lẹ́sẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n ro ọ̀nà. Ìyá mi ní ká lọ bẹ ìlú. Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n lọ gbé ọkọ́. Bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, àyà mi ṣì ń wú.

Kí n tó jáde, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n ní tí mo bá ro ó dé ìdí igi ààlà, kí n má dúró, kí n ro ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i wọ inú ìpín ilé tó tẹ̀ lé wa. Mo ní ṣé ẹrú wọn ni wá ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ibi tí ìpín méjì bá ti pàdé ni koríko ń sá sí. Èyí á ní ti ìyẹn ni, ìyẹn á ní ti èyí ni, ibẹ̀ gan-an ni ejò á sì wà. Ẹni tó bá dúró gẹ́lẹ́ sídìí ààlà, kò tíì ro ọ̀nà.”

Mo bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ọkọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ọkùnrin tí ìpín ilé rẹ̀ tẹ̀ lé tiwa bi mí bóyá omi mímu ni mo gbé wá fún wọn. Mo gbé ọkọ́ mi sókè, nítorí ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń roko. Àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò, ó bẹ́, mi ò fi ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan ti bá òun ro ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó sì ṣí fìlà. Àgbà ọkùnrin ṣí fìlà fún ọmọdébìnrin! Mo sá relé lọ sọ fún bàbá mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń tún un sọ títí wọ́n fi ní kí n sinmi.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Thamesmead ní London ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ní àdúgbò tiwa, ọkọ̀ kì í dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló gba iwájú ilé mẹ́fà kọjá kó tó já sí títì tó lọ sí Harrow Manorway. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti Ìbàdàn wá ló wà nílé àkọ́kọ́ létí títì. Tiwa ni ìkarùn-ún. Ìkẹfà, ní ìpẹ̀kun pátápátá, ni ti bàbá òyìnbó kan tó ń dá gbé.

Mo ju bàbá yìí lọ ní ọdún díẹ̀, àmọ́ àìsàn ti mú un gbó jù mí lọ. Àga onítáyà ló ń jókòó sí, kíndìnrín rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ ọsibítù ń gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Tí kò bá lọ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún ara rẹ̀, mímí á sì di wàhálà fún un. Òun ló kọ́ mi ní ọjọ́ tí à ń gbé ìdọ̀tí síta nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mama ló ń pè mí. Èmi náà kọ́ ọ ní “ẹ káàárọ̀”, òun ló sì máa ń fi kí mi láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nírọ̀lẹ́.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, à ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Woolwich lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ká tó jẹun ọ̀sán tán, gbogbo ọ̀nà ti funfun báláú. Èmi tí mo ti ro ọ̀nà ìlú rí, ṣé ẹnikẹ́ni á tún kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe? Mo ní yìnyín kò ju omi lọ. Nígbà tí ọmọ mi ń sùn, mo se omi kẹ́tùlù mẹ́fà, mo dà á láti ẹnu ọ̀nà wa dé ti bàbá. Yìnyín yọ́ wẹ̀rẹ̀ lójú mi. Mo kọ orin wọlé, mo ní àwọn òyìnbó yìí kàn ń fi ìyà jẹ ara wọn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí ti ń rẹ́rìn-ín. Ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ mi jáde lọ síbi iṣẹ́, mo sì gbọ́ gbì! Omi tí mo dà ti dì mọ́jú, ó ń dán bíi gíláàsì. Ọpẹ́ ni pé ìbàdí rẹ̀ bó díẹ̀ ni, kò dá. “Mummy! Ta ló pour omi síbí?” Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó dìde, ó sì lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí dé egungun nìyí. Ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn náà, dírẹ́bà ọkọ̀ ọsibítù dé, ọmọ Yorùbá ni. Ó rìn wá títí dé ibi omi tí mo dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó di ògiri mú. Bàbá ti wọ kóòtù àti ìbọ̀wọ́, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Dírẹ́bà yìí wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, “Mummy, ẹ má bínú. Mi ò lè push wheelchair lórí ice yìí, tá a bá ṣubú ńkọ́? Mo ti call office, wọ́n ti rebook wọn fún tomorrow morning. Ṣùgbọ́n tí path yìí bá ṣì rí báyìí, a ò ní lè gbé wọn o.”

Bàbá ní kò burú. Irọ́ ló ń pa, mo rí ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú ti tì mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Èmi tí mo ro ọ̀nà fún odindi ìlú lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀nà aláìsàn jẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni mo da omi gbígbóná. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní ìyá òun náà ṣe é rí.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Ó pariwo. “Mummy, ẹ fi sílẹ̀! Council ló yẹ kó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá clear ẹ̀, tí ẹnì kan wá slip, wọ́n lè sue wa o.” Mo ní kó lọ wo ohun tí ìjọba kọ nípa rẹ̀ kó tó dẹ́rù bà mí. Nígbà tó pè padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí onílé kó yìnyín iwájú ilé rẹ̀, kò sì sí èyí tó ní kó má kó o. Ẹni tó bá fi ìfarabalẹ̀ ṣe é, kò dájú pé ẹnikẹ́ni á bá a ṣẹjọ́. Iyọ̀ tàbí yẹ̀pẹ̀ ni kéèyàn dà sí i. Ó wá sọ ọ́ léraléra pé wọ́n ní ká má da omi gbígbóná sí i. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo wọ bàtà òjò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi jáde pẹ̀lú tíréè tí wọ́n fi ń yan ẹran. Ẹni tó le jù ni ọkùnrin ilé kẹrin tó múlé tì wá, ọmọ Èkó, ẹnu rẹ̀ mú. “Mummy, mò ń san council tax o, every month. Kí wá ni iṣẹ́ wọn?” Mo ní òótọ́ ló sọ, iṣẹ́ wọn ni, títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń da iyọ̀ sí. Mo wá bi í pé, “Ṣé council tax yẹn á bá bàbá yìí mí lóla?” Ó wọlé, ó gbé ṣọ́bìrì jáde.

Nígbà tí oòrùn fi kúrò láàárín ọ̀run, gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti mọ́ níwájú. Èmi ni mo fọ́ omi dídì tí mo dà fúnra mi, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi fọ́ ọ. Láti ojú fèrèsé, ẹ máa rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo wá rìn ín láti ìpẹ̀kun bọ̀ sí títì. Ibi tí ilé méjì bá ti pàdé, yìnyín ga níbẹ̀ bí ebè iṣu! Oníkálukú ti gbá tirẹ̀ dé ààlà, ó sì dúró. Ebè márùn-ún ló dábùú ọ̀nà, kò sì sí àga onítáyà tó máa gun ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo rí bàbá mi lórí ibùsùn wọn. Mo padà sílé, mo tú ebè tó wà láàárín àwa àti bàbá, mo wá bọ́ sí èyí tó wà láàárín àwa àti ọmọ Èkó. Mo tú u ká, mo sì kó yìnyín ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta wọ iwájú ilé rẹ̀. Ó yọjú. “Ah-ah, Mummy! Side mi nìyẹn. Mo ti clear ẹ̀ now.” Mo dúró, mo sọ fún un nípa okùn, igi ààlà àti ejò. Ó fi ọwọ́ lérán. Lẹ́yìn náà, ó gba iwájú mi kọjá, ó sì tú ebè tó kàn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta wọ iwájú ilé kẹta. Onílé kẹta rí i, ó ṣe ti ìsàlẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń rìn lọ títí ó fi kan títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé iyọ̀ wá láti inú àpótí yẹ́lò tí káńsù gbé sí etí títì, a wọ́n ọn sílẹ̀ bí ẹni ń wọ́n àgbàdo fádìyẹ. Iyọ̀ tá a fi ń sọ ọmọ lórúkọ! Mo ní ká wọ́n ọn, ọ̀nà náà kú orí ire.

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà dé. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ mú bàbá jáde. Àga náà kò dúró níbì kankan. Nígbà tó kan iwájú ilé wa, bàbá gbé ọwọ́ sókè, nínú òtútù yẹn, ó ṣí fìlà olówùú rẹ̀ fún mi. “Ẹ káàárọ̀, Mama.” Àárọ̀ sì ni lóòótọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà oko wa, alùpùpù ni wọ́n ń gùn lọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí igi ààlà ilé wa wà mọ́. Kò dùn mí. Ọ̀nà tó dára sàn ju orin ẹlẹ́yà lọ. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo wa ti kọ́ bí a ṣe ń dúró gẹ́lẹ́ sídìí ààlà, tí a ń wo ọ̀nà ìjọba.

Àmọ́ yìnyín tún já bọ́ lọ́dún yìí. Ọmọ mi gbé kẹ́tùlù pamọ́, ó ní orúnkún mi kò gbọdọ̀ jáde. Mo sùn pẹ́ ju bí mo ṣe ń sùn lọ. Nígbà tí mo ṣí aṣọ fèrèsé, iwájú ilé wa ti mọ́ tónítóní. Mo wọ bàtà, mo jáde lọ wò ó. Ọmọ Èkó ti jí ṣáájú gbogbo wa. Ó ti ro tirẹ̀, ó ti ro gbogbo tiwa, kò sì dúró sídìí ààlà wa àti ti bàbá. Mo dúró níbẹ̀ nínú òtútù, mo fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.