Àgbàdo Ìyá Wọn

Obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Alágbàdo. Kì í ṣe pé ó ń sun àgbàdo tà létí títì o. Irúgbìn ló ń tọ́jú. Àgbàdo funfun kan ni, oníhóró pẹlẹbẹ, tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kórè tán, á ṣa èyí tó yọmọ jù, á fi èèpo rẹ̀ hun ún ní ṣírì, á sì so ó kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa fẹ́ sí i lára, nítorí kòkòrò tó bá gbóòórùn èéfín, ńṣe ló máa ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, á ju hóró kan sẹ́nu, á gé e. Bó bá dún kọ́, ó ti tó. Bó bá rọ̀, ó di òkè ààrò padà.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, Ìyá Alágbàdo ló pọ̀n ọmọ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì kọ́ ọ yó. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ì bá jókòó tì í, kò ní pẹ́ tí eyín á fi yọ. Aláwàdà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí olórí àwọn àgbẹ̀ abúlé wọn kú, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, torí èèyàn máa ń rò pé ẹni tó ń pa òun lẹ́rìn-ín fẹ́ràn òun ni.

Iṣẹ́ olórí yìí kò pọ̀. Òun ló ń dá ọjọ́ ìgbìn. Àwọn oko náà fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbìn. Bí ẹnìkan bá dá gbìn, inú oko tirẹ̀ nìkan ni àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ á ti lọ ṣèpàdé. Bí wọ́n bá jọ gbìn, jíjẹ náà á pín, kálukú á fara gbá díẹ̀. Torí náà, ẹnu Aláwàdà ni gbogbo ilé ń wò.

Ó sì ti ṣe díẹ̀ tí òjò ti ń ṣe ségesège. Á pẹ́ kó tó dé, á sì yára lọ, bí àlejò tí wọn ò fún lága. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ayé ló pọ̀. Àwọn kan ní àwọn tó ń dáná sun igbó ló fà á. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó yí padà, pé bí bàbá àwọn ṣe bá a náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan gun alùpùpù tí àwòrán ewé wà lára rẹ̀ dé láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ páànù tí wọ́n ti ń wọn irè oko. Ó ní ooru ayé ti pọ̀ sí i, èéfín ẹ̀rọ àti igbó tí wọ́n ń gé káàkiri ló fà á, ìyẹn ni òjò fi ń sọnù lọ́nà. Ó ní àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí ẹ̀tàn ni. Á rọ̀, á dá, ilẹ̀ á gbẹ. Kí wọ́n dúró de èyí tó máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì wá sí ọ́fíìsì, àwọn á fún un ní irúgbìn tó ń tètè gbó.

Aláwàdà dìde, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ so.

"Ọmọ mi, a dúpẹ́. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ yín láago ní ọ́fíìsì ni?"

Ẹ̀rín bú.

"Tó bá tún tẹ̀ yín láago, ẹ bá mi sọ fún un kó má rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó mi bá sáṣọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọmọbìnrin náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Alágbàdo náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò balẹ̀. Àtàárọ̀ ni ilẹ̀ oko ti ń ta á látẹ́lẹsẹ̀, okùn kànga rẹ̀ ò sì kan omi mọ́, aṣọ ló fi so ó gùn. Irè èṣí ò sì dáa. Ìwọ̀nba ṣírì tó ní, ó ti pín fún àbúrò rẹ̀ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí Aláwàdà wá dá ọjọ́ ìgbìn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi ó fi ṣírì kan sílẹ̀ o, a kì í mọ̀."

Aláwàdà gbọ́. "Ẹ bá mi wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fẹ́ fi tiwọn ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àbí wọ́n ti di ọmọlẹ́yìn alùpùpù ni?"

Ìyàwó káfíńtà, tí oko rẹ̀ bá ti Ìyá Alágbàdo pààlà, ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n, bí ẹ̀yin ò bá gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́, ta ló máa gbà á gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bí ẹ̀gbọ́n ò bá bo àbúrò láṣìírí, ta ni yóò bò ó? Nígbà tó délé, ó gun àpótí, ó já ṣírì tó fẹ́ fi sílẹ̀, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò sì rọ̀, ó gbin gbogbo rẹ̀ pátá.

Lọ́jọ́ ìgbìn, Aláwàdà ò jáde. Wọ́n ní ẹ̀yìn ló dá a dùbúlẹ̀. Ìyá Alágbàdo ò tíì fọ erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tán tó fi gba ilé rẹ̀ lọ, ó fi òróró gbígbóná pa á lẹ́yìn títí apá fi ro ó.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn èèyàn ni, kì í ṣe aṣọ ìdọ̀tí."

Òjò dá lóòótọ́. Àgbàdo yọ ewé méjì, bí ọmọdé tó nawọ́ kí wọ́n gbé òun, kò sì sí ẹni tó gbé e. Ìyá Alágbàdo ń pọn omi kànga lọ sóko títí kànga fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ẹrẹ̀ fún un. Aláwàdà ránṣẹ́ láti orí ẹní pé òjò lọ kí àna rẹ̀ ni, á dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹlòmíràn tiẹ̀ ń sọ pé Ọlọ́run ló fi àìsàn yọ olórí àwọn.

Nígbà tí ewé ti di pàǹtí tán ni òjò gidi wá dé. Ìyá Alágbàdo gbé ọkọ́, ó ní kí òun lọ bá olókùnrùn ṣiṣẹ́. Kò bá a nílé. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ mú agbọ̀n. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀rá kan tó so rọ̀ lára àjà. Ó tú u wò. Àgbàdo rẹ̀ ni, bó ṣe fún un, pẹ̀lú ìdì tí ọwọ́ òun nìkan mọ̀ ọ́n dì. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àpò irúgbìn kan wà tí wọ́n ya irú àwòrán tó wà lára alùpùpù ọmọ ọ́fíìsì sí. Àpò náà ti dín sí ìdajì.

Ibẹ̀ ni Aláwàdà bá a. Ọkọ́ wà léjìká Aláwàdà, ẹrẹ̀ tútù dé orúnkún rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán.

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?"

Aláwàdà sọ ọkọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀yìn rẹ tí mo fi òróró pa. Mo ní báwo ló ṣe wà?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ pa á tán ló wá dùn mí ní tòótọ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló máa rín in, ló bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò pẹ́ tí ọmọ yẹn lọ tí mo fi lọ bá a ní ọ́fíìsì. Èmi náà ń tẹ ilẹ̀, mo mọ bó ṣe gbóná. Ṣùgbọ́n mo ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣé kí n tún wá dìde pé òótọ́ ló ń sọ? Èmi ni wọn ò bá máa fi ṣẹ̀fẹ̀."

"O ò bá sọ fún èmi nìkan."

"Ẹ ò bá sọ fún ìyàwó káfíńtà. Ẹ ò lè wo ẹni tó ń lọ já sí kòtò kẹ́ ẹ dákẹ́."

"Ìwọ lè wò ó."

Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo fẹ́ fi ṣírì kan sílẹ̀," Ìyá Alágbàdo ní. "Torí kí ojú má baà tì ọ́ ni mo ṣe já a. Nígbà kékeré rẹ, mo máa ń pa á nítàn fún ọ pé ìyàn mú, àwọn ẹranko ní kí kálukú mú ìyá rẹ̀ wá fún pípa, ajá sì gbé tiẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ajá yẹn, kì í ṣe òun ló dá ọjọ́ ìpẹran."

Aláwàdà fa aṣọ kan yọ lórí okùn. "Ẹ kó o, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ẹ̀ pátá, tiyín ni. Ẹ kàn fi èyí bò ó, kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó ṣẹ́ kù lókè ààrò."

Ìyá Alágbàdo wo aṣọ náà. Bó bá bò ó, àgbàdo ìyá rẹ̀ á yè, orúkọ àbúrò rẹ̀ náà á yè, wọ́n á sì tún máa bá a rẹ́rìn-ín lọ títí òjò mìíràn á fi tàn wọ́n. Bí kò bá bò ó, Aláwàdà nìkan náà ni ọmọ ìyá tó kù fún un láyé.

Ó gbé àgbàdo náà sórí ní gbangba, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde.

Kò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó káfíńtà fi rí i. "Ìyá Alágbàdo, kí lẹ rù yẹn? Ṣebí ẹ ní ẹ gbìn ín tán?"

"Ti olórí wa ni. Kò gbìn ní tiẹ̀. Òjò tí ọmọ alùpùpù wí ló ń dúró dè."

Obìnrin náà wo àgbàdo, ó wo ilé Aláwàdà, ó wá wo Ìyá Alágbàdo gan-an.

"Ẹ̀yin ò sì mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ fi òróró pa á?"

"Mi ò mọ̀."

"Ọmọ ìyá méjì. Ó dáa."

Ìyá Alágbàdo sọ ẹrù kalẹ̀, ó já odidi àgbàdo kan fún un. Ó gbà á, kò dúpẹ́. Àwọn mìíràn náà tọrọ kó tó délé, ó fún wọn, kò sì sí ẹni tó kí i kú ẹrù. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn kan gba ọ́fíìsì ọ̀gbìn lọ. Àwọn tó kù ní irọ́ ṣì ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà, pé Aláwàdà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n fi dá òjò dúró.

Ìyá Alágbàdo jókòó níwájú ilé, ó ń yín ìwọ̀nba àgbàdo tó kù, nígbà tí àbúrò rẹ̀ yọ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúuṣẹ́ o."

Kò dá ọwọ́ dúró. "Ẹ káàbọ̀, sà. Àga rèé, ẹ jókòó."

Aláwàdà dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Mo rí yín, sà."

Ó wo àga náà títí, kò jókòó sí i.