Àmì Pupa Nínú Ìbàdí Ṣòkòtò

Bí ẹ bá rí ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nrọ̀n kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, tó ń rán òwú sí ọrùn ẹ̀wù oníbàárà, tó fajú ro bí ẹni pé òun ló gbé ilé ayé ró, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti kí i kú iṣẹ́. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, orí rẹ̀ sì máa ń wú. Ṣíọ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe dọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọmọ ilé ìwé ni nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, irun bíi mélòó kan sì hù sí i lágbọ̀n, tó ń fọwọ́ pa láràárọ̀ kó má baà sá lọ. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ, bàbá rẹ̀ ń lọ̀ ọ́, bàbá náà ló sì ń rán àmì. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀, òwú aláwọ̀ tí wọ́n ń rán sí inú ọrùn ẹ̀wù tàbí ìbàdí ṣòkòtò, kí aṣọ ẹnì kan má baà bọ́ sínú ẹrù ẹlòmíràn. Tọkọtaya nìkan ló ń pín àmì kan, nítorí ilé kan náà ni ẹrù wọn ń lọ. Aṣọ àwọn ará ilé kì í ní àmì rárá.

Ojú bàbá yìí ti ń ṣú. Ọwọ́ ló fi ń yẹ àmì wò kó tó di ẹrù, ó sì gbà á gbọ́ ju ojú rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sinmi, ó ní, "Aṣọ kankan ò tíì ṣìlé lọ́wọ́ mi rí. Ọjọ́ tí ẹyọ kan bá ṣìlé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi, fúnra mi ni n óò gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀." Abẹ́rẹ́ yẹn ló kù tó fi ń pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin. Àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń gún un mọ́, ì báà jẹ́ ìgbà tó bá ń jẹun.

Ọ̀gbẹ́ni wa wá lọ ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, níbi tó ti ń ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ wò ó. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà wọn ló bá a di orúnkún. Obìnrin náà rí omijé lójú rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Akínkanjú kì í sunkún." Ta ni wọn kì í pè ní ọkọ mi? Ọmọ jòjòló tó ń da itọ́ sáyà pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é! Ṣùgbọ́n òpònú gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni tó he owó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìpara ìyá rẹ̀ pa. Ó ń dúró níwájú dígí, ó ń fi ohùn nípọn sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o," títí ìyá rẹ̀ fi bi í bóyá ọ̀finkìn ló ń dà á láàmú. Ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ sùn lọ lórí àga, ó fa abẹ́rẹ́ yọ láyà rẹ̀. Òwú pupa méjì tó dábùú ara wọn ni àmì nọ́ọ̀sì. Ó rán an sínú ìbàdí ṣòkòtò péńpé tó fi ń lọ sílé ìwé, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní rí i. Ìgbéyàwó ló ṣe yẹn o! Ṣebí tọkọtaya ló ń pín àmì kan? Ó ń yan kiri inú kíláàsì, ó ń fọwọ́ tẹ ìbàdí, ó ń dá rẹ́rìn-ín, títí olùkọ́ ìṣirò fi ní kó tètè lọ sílé ìgbẹ́ bí inú bá ń run ún.

Ohun tí gbogbo ọmọ alágbàfọ̀ mọ̀, ọkọ ìyàwó kò rò ó: ibi tí àmì bá ń lọ ni aṣọ ń lọ. Lópin ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ fọ ṣòkòtò náà mọ́ àwọn aṣọ yòókù. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ó bá òwú méjì tó dábùú ara wọn, ó ká a sáàárín àwọn ẹ̀wù funfun nọ́ọ̀sì, ó di í pọ̀. Nọ́ọ̀sì wá gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀gbẹ́ni wá ṣòkòtò títí, kò rí i, ló bá wọ ti èṣí, tó fún un débi pé ìdúró ló wà títí wọ́n fi jáde ilé ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì wọlé. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó kó ẹ̀wù dání.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣòkòtò ọmọ kékeré kan bọ́ sínú ẹrù mi. Ìdí rẹ̀ ti lu, mo ti bá a rán an. Ẹ bá mi fún ìyá ọmọ náà."

Ọmọ kékeré! Ẹ̀yìn tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ni akínkanjú wà, etí rẹ̀ ń gbóná. Bàbá rẹ̀ gba ṣòkòtò náà, ó fọwọ́ yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Háà! Ṣòkòtò ọmọ mi rèé. Àmì yín ni mo rán sí aṣọ ilé! Ẹ dákun, ìyá mi, ẹ má bínú."

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Kí ni ṣòkòtò lásán?" Nọ́ọ̀sì yíjú, ó rí i lẹ́yìn tábìlì. "Àṣé tìẹ ni, ọkọ mi?"

Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀: Bàbá, èmi ni. Kì bá má ju ìtìjú ọjọ́ kan lọ. Ó la ẹnu o! Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe fọwọ́ kan ọkùnrin tó tẹ̀ lé e léjìká, tó ní, "Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí, Bàbá. Ìgbéyàwó wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ bá wa fi àmì mi sí ẹ̀wù tirẹ̀ náà." Ọ̀dẹ̀ panu mọ́.

Bàbá rẹ̀ fa abẹ́rẹ́ yọ láyà, ó fọwọ́ wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ náà lé e. "Ọmọ mi ni yóò máa bá yín rán an. Ojú tèmi ti tán." Ó jáde lọ jókòó síta, ó ń fọwọ́ pa àyà ẹ̀wù rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà. Ọmọ rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé, kò sì mira.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ìyá rẹ̀ yí inú ṣòkòtò náà síta, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀.

"Bàbá ẹ kì í ta kókó sẹ́yìn aṣọ. Ta ló ta eléyìí?"

Ó fa ẹ̀wù àfẹ́sọ́nà nọ́ọ̀sì sọ́dọ̀, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Mo ti gbọ́. Ẹnu ẹ ni yóò ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi. Dìde, ọkọ ìyàwó, kó o lọ bá a."

"N óò sọ fún wọn, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n rán ẹ̀wù yìí tán ná."

Ó ti rán an tán tipẹ́tipẹ́. Nọ́ọ̀sì ti bímọ, aṣọ àwọn ọmọ náà ti ń gba àmì pupa. Títí dòní, bí obìnrin náà bá ti wọlé, bàbá arúgbó yẹn á fọwọ́ tọ ògiri dìde, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nítorí ṣòkòtò ọjọ́sí. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ á tẹrí ba, á máa rán tirẹ̀ lọ.