Ẹrẹ̀ Gọ́tà Ìbàfò

Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ilé ń hù ní Mówe bí olú, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì wa ní yíya àwòrán ilé. Mo wá fi ẹ̀kọ́ tuntun kan kún un: ẹni tó bá ya ilé gbọ́dọ̀ sọ ibi tí omi rẹ̀ máa gbà àti ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ máa lọ, títí dé ayé ọmọ ọmọ onílé.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa kò fẹ́ ẹ rárá. Ó ní, "Màdáàmú, olùkọ́ la gbà yín sí, kì í ṣe wolé-wolé." Ó ní tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti ìta wá yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò kò bá rí ìwúlò rẹ̀, òun máa yọ ọ́ kúrò. Inú bí mi gidigidi. Mo ní kò burú, ká jọ máa wò ó.

Ni mo bá kó àwọn ọmọ ọdún kẹrin lọ sí àdúgbò kan ní Ìbàfò, níbi tí omi gọ́tà ti ń wọ yàrá àwọn èèyàn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá piọ wọ́tà jáde, wọ́n sì kó o jọ sí etí gọ́tà, gẹ́lẹ́ bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ní Sátidé sánitéṣọ̀n. Àwọn ará àdúgbò ń kí wọn kú iṣẹ́. Mo rí i, mo pa ẹnu mi mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òjò rọ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà.

Àwọn ọmọ náà kanra mọ́ mi. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, tí bàbá rẹ̀ ń ta búlọ́ọ̀kù ní Ifọ̀, ní, "Ẹ mọ̀, mà, ẹ ò sì sọ fún wa."

Mo ní, "Ṣé èmi ni mo kó o síbẹ̀? Nílé yín ńkọ́, ibo lẹ máa ń kó o sí?"

Ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Etí gọ́tà náà ni, mà."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n padà lọ, wọ́n sá ẹrẹ̀ náà lóòrùn, wọ́n ṣa ọ̀rá kúrò, wọ́n fi iyanrìn rẹ̀ dí àwọn kòtò ojú títì. Ọmọbìnrin yìí wá ya gọ́tà tó ní ihò kékeré níbi tí iyanrìn á ti máa dúró, kí onílé lè máa bù ú kó tó kún. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó pẹ́ níwájú àwòrán gọ́tà tí ọmọbìnrin náà yà. Ó ń bi í ní ìbéèrè, ọmọ ń fèsì láìmikàn, orí mi ń wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí wa, ó ní irú èyí ló yẹ kí gbogbo yunifásítì máa ṣe, ta ló ń kọ́ wọn? Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ẹ̀ka wa ti fẹ àyà: "Ẹ̀kọ́ wa ni, sà. Láti ọdún kìíní ni gbogbo ọmọ wa ti ń ṣe é."

Irọ́ gbuu. Àwọn ọmọ ọdún kẹrin mi nìkan ni. Ẹnu ń yún mi. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó bá sì ti wọ ìwé rẹ̀, ó di dandan ká máa ṣe é. Mo rọra kúnlẹ̀, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé fún ọdún tuntun, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí pé kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kìíní.