Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Fáànù

Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Oregun. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Òun lọ sí póli. Ìgbà tó padà dé, oníbàárà tó bá wọlé, orí mi ni wọ́n ń wò kọjá. "Baba, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò yín ńkọ́?" Orúkọ gbogbo wọn wà lórí mi dòní, títí kan àwọn tí kò mọ tèmi.

Ká má parọ́, mo jowú ẹ̀. Ìka ẹ̀ tí kì í gbọ̀n, mo jowú ẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ kan nítòsí gbé sikóòpù wá, ẹ̀rọ tí ń fi bí iná ṣe ń rìn hàn lójú ẹ̀. Fáànù ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti kú. Mo sáré gbà á kí àbúrò mi tó dìde. Mo ra fáànù tuntun, mo kọjú ẹ̀ sínú, bí a ṣe ń kọjú fáànù sí ẹni tó ń làágùn.

Àbúrò mi ya tíṣù pélébé, ó nà án sẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Tíṣù lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá, afẹ́fẹ́ yìí ń wọlé. Ooru ló yẹ kó máa fà jáde. Ẹ wo ọfà tí wọ́n yà sára fáànù."

"Ọfà! Ṣé iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n kọ́ ẹ ní póli ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

Mo ti ìdérí pa, mo kán kútẹ́ẹ̀sì funfun sórí àwọn síkúrù. Àṣà wa nìyẹn, ká lè mọ ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ gbẹ̀yìn. Funfun ni tèmi, pupa ni ti àbúrò mi.

Ẹ̀rọ náà lọ, kò padà. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń fi gún un lára: "Fáànù tí mo kọjú sínú ńkọ́? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́!" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọwọ́ yín ni, Bọ̀ọ̀dá."

Àìsàn gbé e lọ lọ́dún tó kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá nítorí bọ́tìnnì tó kán. Obìnrin ẹnjiníà tó gbé e wá ní, "Baba, ọwọ́ yín mà dáa o. Látìgbà tẹ́ ẹ ti fi fáànù yìí sí i, kò gbóná rí. Ẹnì kankan ò sì tú u lọ́dọ̀ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo bojú wo àga àbúrò mi.

Mo tú ìdérí. Síkúrù òde, funfun ni gbogbo wọn. Mo wonú: pupa ló wà lórí síkúrù fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọfà ti kọjú síta. Ó ní láti jẹ́ ìgbà tí mo lọ síbi àdúrà Ọjọ́rú, kí wọ́n tó wá gbé ẹ̀rọ náà, ló yí i padà, tó sì bá mi kán funfun mi sóde, kí n má bàa tẹ́.

Obìnrin náà ṣì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo lè dákẹ́.

"Àbúrò mi olóògbé ló fi fáànù yẹn sí i," ni mo wí.

"Háà! Abájọ," ló dáhùn. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ ire."

Abájọ! Ó gún mi bí ti àtijọ́. Mo tún bọ́tìnnì ṣe, mo ti ìdérí pa, mo wá ìgò kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀ jáde nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀. Ó ti fẹ́ gbẹ. Pupa ni mo kán sóde.