Fèrè Tí Ilẹ̀ Ṣú Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkẹ́rẹ́, ọkọ̀ ojú irin kan wà nínú ilé wa tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kò rí rí. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ̀ pé rélùwéè kò dé apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu bàbá mi ni tiwa ń gbà kọjá. Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Òun ló ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná tó ń mú omi ẹ̀rọ náà hó. Nígbà tí wọ́n kó ọkọ̀ tó ń lo dísù dé, iṣẹ́ èédú tán. Bàbá mi padà sílé wá gbin iṣu àti kòkó, ó sì gbé kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà òjò, òórùn èédú ṣì máa ń jáde lára kóòtù yẹn. Mo máa ń ki imú bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti gún iyán, tí apá sì ń ro èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, a óò jókòó yí i ká. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, pẹ̀lú eku ìgbẹ́ tó bá kó sí tàkúté. Bí ó bá jẹun tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣe ohùn ẹ̀rọ náà, fúkú, fúkú, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa sáré, tí àwa náà yóò sì máa mi orí. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ibi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè, yóò dákẹ́. Yóò ní, “Ti fèrè yẹn, ẹnu èèyàn ò lè ṣe é. Ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.”

Èmi kò lè dúró de ọjọ́ kan. Mo fi agolo sadín-ìn ṣe ọkọ̀ tèmi, mo fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń fà á kiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń súfèé. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá péjọ, a óò di ara wa níbàdí, èmi ni màá ṣe orí ọkọ̀ níwájú. Ìyá mi, Yèyé bí a ṣe ń pè é, kì í bá wa wí lọ́sàn-án. Àmọ́ tí oòrùn bá ti rá sẹ́yìn àpáta, tí mo bá súfèé lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ ibi tí màá lọ kúnlẹ̀ sí. Yèyé gbà pé ẹni tó bá súfèé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ejò ló ń pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo súfèé kí n tó rántí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Yèyé lọ mú igi ìdáná, ó sì bá ejò dúdú kan tó ká jọ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ló fi ọ̀pá pa á. Ó ṣeé ṣe kí ejò náà ti sùn síbẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹjọ́ rẹ̀? Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi ṣe àpá, a kò sì bu ẹran sí ọbẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìfé sísú lálẹ́ di òfin nílé wa, bàbá mi pẹ̀lú sì wà lábẹ́ òfin náà.

Ọdún gorí ọdún. Mo lọ sí yunifásítì, mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn, mo sì di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n ní kí àwa ọmọ Èkìtì máa bọ̀ nílé. Adó ni ọ́fíìsì wa, ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi kó àwọn ọmọ wa wá. Bàbá ti darúgbó, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, àyà sì ń dùn ún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó pe orúkọ mi, ó ní, “Àjàyí, mi ò rántí bí fèrè yẹn ṣe ń dún mọ́. Ojú lọ, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣé etí náà fẹ́ máa lọ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Mo lè gbé e lọ sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èédú kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ kò lè gba ìrìn àjò. Mo bá pinnu pé màá kọ́ orí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí yóò máa fi ooru omi ṣiṣẹ́ bíi ti gidi, tí yóò sì ní fèrè, kí bàbá mi lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ìtàn ni mo kà. Mo lè sọ bí wọ́n ṣe la ojú irin wọ ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dé nọ́ọ̀tì kan kó má yẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti òkè òkun dé fún mi ní ìwé tó ní àwòrán, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo gba páìpù kọ́pà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe, mo gé e, mo dí i lórí àti nídìí, kí ó lè jẹ́ ìkòkò omi. Òjé ni mo fi jó o pọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i tí àwọn tó ń fi agolo ṣe fìtílà ń ṣe. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná sí i, n kò mọ ìgbà tí omi tán nínú rẹ̀. Òjé yọ́, ìdí ìkòkò sì já bọ́ sílẹ̀ bí ìdí àpò tó gbó. Bàbá mi gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran. Ó ní ní ayé àwọn, wọn ìbá ti lé mi lọ sílé.

Wọ́n kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú mọ́tò tí a jọ ń wọ̀ lọ sí Adó láràárọ̀, wọn a ní kí dírẹ́bà má tíì lọ, kí a dúró de rélùwéè Bàbá Ṣadé, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe fi iná gáàsì àti idẹ jó ìkòkò kejì pọ̀ fún mi, ọ̀rẹ́ kan ní Àkúrẹ́ sì bá mi gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ìyókù, tí mo ń bà á jẹ́, tí mo tún ń ṣe é. Ohunkóhun tí mo bá parí, màá gbé e sí ọwọ́ bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yóò fi ìka rìn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì dárúkọ rẹ̀. Àyà rẹ̀ sì ń burú sí i. Ìrìn láti ibùsùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di ohun tí à ń dì í mú fún.

Sátidé ni mo parí rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì níwájú Bàbá, mo bu omi sí i, mo tan iná sípíríìtì sábẹ́ rẹ̀. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í jò nídìí fèrè. Mo pa iná, mo dúró kí ó tutù, mo yọ fèrè, mo fi òwú tí mo rẹ sínú epo wé e nídìí, mo dá a padà, mo sì tún iná tàn. Nígbà tí omi tó hó dáadáa, adìyẹ ti ń wọ̀, oòrùn ti rá sẹ́yìn àpáta. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yí. Bàbá mi na ọwọ́, ó jẹ́ kí ooru fẹ́ ẹ ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ó ti tó. Fọn ọ́n.”

Yèyé yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́. Ó ní, “Àjàyí, ulẹ̀ ti ṣú.”

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ẹnu ni mo fẹ́ fi sú u, pé fèrè irin ni.

“Ṣé ejò mọ ìyàtọ̀ ni? Ilé tí ara bàbá rẹ ò ti yá lo fẹ́ pè é wá? Ọ̀la ò jìnnà.”

Mo wo bàbá mi. Ó ti kọ etí sí ẹ̀rọ náà. Ó wí pé, “Gbọ́ ti ìyá rẹ. Ọ̀la náà, ọjọ́ ni.”

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, àwọn ọmọ mi sì ń wò mí. Ṣùgbọ́n a kì í jiyàn nílé wa. Mo fẹ́ iná náà pa. Omi hó díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́. Bàbá kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà títí ó fi tutù, kí a tó mú un wọlé lọ sùn.

Kò jí ní òwúrọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn àlejò ti tú ká, mo gbé ẹ̀rọ náà jáde lọ́sàn-án gangan, mo dáná sí i, mo sì fọn fèrè. Ó dún bí òròmọdìyẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Yèyé jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ooru fi tán.

Ó ní, “Ṣé bó ṣe ń dún náà nìyẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ó mà kéré o. Kò sí ejò tó máa gbọ́ èyí.” Ó wọlé. Títí òun náà fi kú, n kò gbọ́ kí ó tún bá ọmọ kankan wí nítorí ìfé mọ́.

Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ mi ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọ́n sì lè ti inú fóònù gbọ́ fèrè ọkọ̀ èédú ní wákàtí tó bá wù wọ́n, àní bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òbí ti tó, à báà sunkún, à báà rẹ́rìn-ín. Tiwọn rọrùn ju tiwa lọ, n kò sì bínú sí i. Nígbà tí wọ́n wá kí mi ní ọdún Kérésì, wọ́n rí ẹ̀rọ náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n nu eruku ara rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n fọn fèrè rẹ̀ fún wọn. Mo bu omi sí i. Mo ti mú ìṣáná lọ́wọ́ kí n tó wo ìta. Oòrùn ti rá sẹ́yìn àpáta.

Mo ní kí ó di ọ̀la.