Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Fọwọ́ Kan Ẹsẹ̀ Bàbá

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bi ọmọ mi obìnrin léèrè ohun tí mò ń kọ́ ọ, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ iṣẹ́ náà, kò sì fi bò: bí ohun tí Bàbá bá gbọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Masifa ni ọmọ á ti máa gbé. Ó ní, "Má bínú o, àbúrò mi. Wọ́n rán mi ni, èmi kọ́ ni mo rán ara mi." Ó jẹ ẹran inú ìkòkò mi tán kó tó lọ.

Ohun tí mò ń kọ́ ọmọ kì í ṣe ohun àṣírí. Abidjan ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀sìn Híńdù, lọ́dọ̀ ìyá ará Íńdíà kan tí mo bá ta aṣọ. Ọkọ mi, tó ṣì wà lọ́hùn-ún, mọ̀ sí i. Nígbà tí mo mú ọmọ bọ̀ wálé sí Ẹ̀jìgbò, a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán ká tó tan fìtílà kékeré wa. A ó jókòó sórí ẹní, n ó ka ẹsẹ kan nínú ìwé mímọ́ ẹ̀sìn náà ní èdè wọn, òun náà á kà á tẹ̀lé mi, lẹ́yìn náà n ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá. Ẹnìkan ló rí fìtílà náà àti ìwé wa láti ojú fèrèsé. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá pé mò ń bọ nǹkan, bẹ́ẹ̀ Alájì tí gbogbo ọjà ń wárí fún ni bàbá mi.

Ká má purọ́, ẹnu ọmọ náà ló ń bà mí lẹ́rù ju Bàbá lọ. Ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé. Ó ti sọ fún ọmọ ilé kejì pé èdè tí òun ń kà, tíṣà wọn ò gbọ́ ọ rí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ nìkan la ń kà ní gbogbo àsìkò yẹn. Mo mú un lọ sídìí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó wò ó bí ẹ̀ka tó so ṣe tẹ̀ wálẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Màmá, èyí tí ò so náà tẹ̀. Àwa là ń gùn ún." Irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ wá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nìyẹn!

Mo tún sọ fún un pé lọ́dọ̀ àwọn tó ni ìwé náà, bí ọmọdé bá fẹ́ kí àgbà, á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi sọ pé ẹsẹ̀ yìí ti rin ọ̀nà tí tèmi ò tíì mọ̀. Mo ní ó jọ ìkúnlẹ̀ tiwa, wọ́n kàn fi díẹ̀ lé e ni. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń rò, mi ò ro ti ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e. Mo gbé omi wá. Bàbá ò mu ún.

"Ọmọ dà?"

Ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Àfi bó ṣe sún mọ́ ọn, tó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ẹsẹ̀ Bàbá, tó dorí kodò.

Níbi tiwa, ta ló ń di àgbà lẹ́sẹ̀ mú? Ẹni tó ṣẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ìyà ti jẹ dé góńgó. Bàbá fò dìde.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́? Ta ló nà ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ọmọ ń bẹ̀ yín kí ẹ gba òun sílẹ̀ ni, Bàbá."

"Lọ kó ẹrù rẹ," Bàbá wí fún ọmọ.

Ọmọ gbójú sókè, omi ti lé rorò lójú rẹ̀.

"Bàbá Alájì, mi ò bẹ̀bẹ̀ o. Mò ń kí yín ni. Màmá ní ẹsẹ̀ yín ti rin ọ̀nà tí tèmi ò tíì mọ̀."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé e dé Côte d'Ivoire nígbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó fi kiri ọjà láti ìlú dé ìlú kó tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rọra jókòó padà.

"Inú ìwé yẹn lẹ ti rí èyí?"

"Àṣà àwọn tó ni ín ni, Bàbá," ni mo dáhùn.

Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ nígbà tó ní, "Irú ọmọ báyìí ò yẹ kó jìnnà sí mi. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé."

Mo ti múra de ìbínú rẹ̀, mi ò múra de ìfẹ́ rẹ̀. Èèyàn lè bẹ ẹni tó ń bínú. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ẹni tó ń yin ọmọ rẹ̀? Ọmọ yíjú sí mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ béèrè pé, "Màmá, ṣé kí n lọ kó ẹrù?" Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó lọ, á lọ.

Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Rárá."

Mi ò sọ "rárá" fún un rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ máa wá nígbàkígbà, Bàbá. A ó máa wá kí yín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa sùn."

Bàbá wò mí. Kò tún mẹ́nu kan ẹrù mọ́. Ó ní kí ọmọ lọ mú ìwé náà wá, kó jókòó ti òun, kó kà á kí òun gbọ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìkankan nínú rẹ̀ ò yé Bàbá, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sílẹ̀. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, torí kò tíì sẹ́ni tó ní kí n dìde.