Ìyípo Méje Láàárín Ogún Ìṣẹ́jú

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù telọ náà, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gòkè, eruku á rọ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, telọ á sì fi ọwọ́ gbá a kúrò láìgbójú sókè. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á sì máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ogún ọdún ni telọ ti fi jókòó sórí àga kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kì í gbé e lọ sí ibì kankan.

Nígbà tí obìnrin náà wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógójì, ilé iṣẹ́ panápaná lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé alájà náà pé àwọn ń wá telọ. Ẹni tí wọ́n bá gbà ni yóò máa rán aṣọ iṣẹ́ wọn, tí yóò sì máa tún èyí tó bá ya ṣe. Owó oṣù wà ńbẹ̀. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, fún òṣìṣẹ́ àti òbí rẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ òbí yìí, telọ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti tó ọdún kan tí ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá ń fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò ju bó ṣe ń fi gún aṣọ lọ, ó sì máa ń fi àkísà nu ẹ̀jẹ̀ náà kí ọmọ má baà rí i. Dókítà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ lè la ojú náà, bí wọn kò bá jẹ́ kó pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọ aṣọ panápaná, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń pa iná tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀, gbọ́dọ̀ sáré yí pápá wọn ká lẹ́ẹ̀meje láàárín ogún ìṣẹ́jú. Wọn kò sì gba ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún. Ìdánwò ku oṣù mẹ́ta. Ogójì ọdún telọ ku oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè gbìyànjú rẹ̀.

"Kí telọ máa sáré," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. "Ìgbà wo ni aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, tí a ó fi máa lé e?"

"Òfin wọn ni, Màmá."

"Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èwo ni tìrẹ nínú méjèèjì?"

Telọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá sọ pé nítorí ojú ìyá ni, ìyá yóò ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ẹsẹ̀: bí aṣọ bá gùn gbọọrọ, èèyàn á tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ dáadáa, bó bá dé kọ̀rọ̀, á rọra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sáré. Ní ibi tó tọ́, á fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ní ibi tó tẹ̀, á máa wọ́ ẹsẹ̀. Bí ìyípo kẹta bá ti parí, á dùbúlẹ̀ sórí koríko, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò tíì rí ìyípo kẹrin sójú. Egungun ojúgun rẹ̀ wá ń dùn ún débi pé ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tó ń fi òróró pa ojúgun náà ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò eré ìdárayá, pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ rọ́bà ìbàdí rẹ̀. Obìnrin náà ga, ó ti dàgbà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro díẹ̀. Olùkọ́ eré sísá ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kóòṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ìwọ ni mò ń rí ní pápá láràárọ̀," ni Kóòṣì wí. "O máa ń sáré bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná."

Ìyá telọ bú sẹ́rìn-ín lórí àpótí.

"Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, mà," ni telọ wí, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìdánwò náà.

"Mo ti fi aago wò ọ́. Ìyípo àkọ́kọ́ rẹ kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀kẹta ń lọ sí mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin kò sí." Kóòṣì wo aṣọ ọrùn rẹ̀. "Ta ló wọn búláòsì tó o wọ̀ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá ló dáhùn: "Èmi ni mo bá a wọn ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ dá a wọ̀n, ó wá gùn ju iwájú lọ. Ó dà bí ẹni tó ní ìrù."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni eré sísá," ni Kóòṣì wí. "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ kùkù ara rẹ̀. Wá bá mi ní pápá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì gun kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa sáré, kó sì máa sọ̀rọ̀. Telọ bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Ó ní èyí tó bá wù ú, kò ṣáà gbọdọ̀ já lẹ́nu. Telọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa oníbàárà kan tó sanra sí i lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tó sì ń bá òṣùwọ̀n jà. Kó tó dé ibi tí oníbàárà náà ti bú ẹkún, èémí rẹ̀ ti já.

"Eré yẹn yá jù. Rọra."

"Bí mo bá tún rọra jù báyìí, mà, mo ti dúró nìyẹn."

"Ṣáà rọra."

Ó rọra títí tí bàbá àgbàlagbà kan tó ń najú láàárọ̀ fi fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lára rẹ̀, tó sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Ojú ti telọ gidigidi. Ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn oníbàárà náà dópin, ó sì yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kóòṣì fún un lọ́sẹ̀: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá kan, ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe. Ó rí ohun tí telọ kò lè rí. "Sọ èjìká kalẹ̀," ni yóò máa wí lórí kẹ̀kẹ́. "Kò sí aṣọ níwájú rẹ." Òótọ́ ni, telọ máa ń tẹ̀ síwájú lórí pápá bí ẹni tó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí èjìká sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń sá ìyípo márùn-ún láìdúró. Ojúgun kò dùn ún mọ́. Ẹ̀yìn tó ti ń ro ó láti ọdún pípẹ́ pàápàá ti dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n kó aṣọ ilé ìwé dé, nítorí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé. Ọ̀nà kan wà tí telọ yìí ń gbà ṣiṣẹ́ bí aṣọ bá pọ̀: ọjọ́ kan ni yóò gé gbogbo rẹ̀, á wá máa rán an díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí. Ó rò ó pé kí ló dé tí òun kò lè ṣe eré náà bẹ́ẹ̀? Ní Ìṣẹ́gun, nígbà tí Kóòṣì ti lọ sílé, ó padà sí pápá, ó sá ti Ọjọ́bọ̀, ó sá ti Àbámẹ́ta mọ́ ọn. Ó lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ó rán Kóòṣì níṣẹ́ pé iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí òun wá ní Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ó wá ní tirẹ̀, kó má baà dà bí ẹni tó ń sá fún Kóòṣì. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà ní ẹnu pápá. Kóòṣì rí i tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Orúnkún wo ni?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó wà. Èwo ni mo wí."

"Ọ̀tún, mà." Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀nà ìgéṣọ àti ohun gbogbo.

Kóòṣì kò pariwo. Ó fi ọwọ́ tẹ orúnkún náà, tó ti wú bí ìrọ̀rí abẹ́rẹ́. "Telọ, bó o bá lọ aṣọ tán, tó ṣì ń gbóná, ṣé o máa ń ká a sínú báàgì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Rárá, mà. Á kọ́kọ́ tutù. Bí kò bá tutù, gbogbo ibi tí mo lọ̀ ló máa hunjọ padà."

"Ìgbà tó bá ń tutù ni ìlọ̀ náà tó ń dúró, àbí? Ẹsẹ̀ náà nìyẹn. Ọjọ́ eré ni iná. Ọjọ́ ìsinmi ni ara ń di ohun tí a fẹ́ kó dà." Ó na ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ síwájú. "Wo tèmi. Èmi ni mo jẹ́ kóòṣì fún ara mi nígbà èwe. Iṣan já lẹ́yìn gìgísẹ̀, mo ní kò sí nǹkan kan, mo sì sá eré sí i fún oṣù kan. Kò sẹ́ni tó bi mí pé èwo ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ni o ò ní sáré."

"Mà, ìdánwò ti ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Mo mọ iye tó kù. Ìyẹn ni mo ṣe sọ mẹ́wàá, tí mi ò sọ ogún."

Ọjọ́ mẹ́wàá náà ṣòro fún un ju eré lọ. Ó ń rán aṣọ, ó ń rò ó pé gbogbo ohun tí òun ti kó jọ lára ti ń jò dànù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ sínú omi tútù, ó sì wá fi wé e lórúnkún. Ó kọ́kọ́ gbé aṣọ náà lé itan, ó tún fi ọwọ́ wá orúnkún títí tó fi rí i.

"Nítorí ojú mi lo ṣe ń pa ara rẹ báyìí?"

Telọ wo ilẹ̀.

"Mo ti mọ̀ látìjọ́. Ojú mi ló ń ṣú, etí mi ò di. Mo gbọ́ bó o ṣe ń ka ìwé náà sínú ẹnu." Ìyá so aṣọ náà. "Bí wọ́n bá gbà ẹ́, ó dáa. Bí wọn ò gbà ẹ́, ìyá rẹ ni mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yẹn bá ní kó o ṣe, òun ni kó o ṣe."

Kóòṣì ti tún ìwé rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí telọ padà sórí pápá, ó ń retí kí ẹsẹ̀ wúwo. Ó fúyẹ́. Ó sá ìyípo mẹ́fà, ìtàn kò já lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Kóòṣì bá ní méjì, méjì ni; bó bá ní kó sùn, á lọ sùn.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn mọ́kànlá tó ń wá iṣẹ́ panápaná ni wọ́n dúró sórí ìlà, òun ló sì dàgbà jù. Wọn kò jẹ́ kí Kóòṣì wọlé, ó ní láti dúró sẹ́yìn odi onírin. Ohun tó sọ fún telọ kò pọ̀: "Ìyípo méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Wọn yóò fi ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n lọ."

Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí fèrè dún, àwọn ọ̀dọ́ náà tú jáde bí ẹyẹ, òun nìkan ló kù lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná tó ń wòran ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ ò ní sùn sọ́nà?" Ẹ̀rù bà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀lé wọn, bí ẹsẹ̀ telọ ṣe máa ń fẹ́ tẹ ẹ̀rọ níbi aṣọ tó tọ́. Ó wo Kóòṣì. Kóòṣì ki ọwọ́ bọ àpò. Telọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka òṣùwọ̀n sínú ẹnu: "Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Apá, mẹ́tàlélógún. Ìbàdí, ogójì." Ọ̀rọ̀ kò já lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ pé eré òun tọ́.

Ní ìyípo kẹrin, ó rí ẹ̀yìn ẹni àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan tó ti ń rìn ni, tó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ní ìkarùn-ún ó kọjá ẹni mẹ́ta sí i. Ní ìkẹfà, orúnkún ọ̀tún ta á díẹ̀. Ó sọ èjìká kalẹ̀, ìrora náà sì lọ. Nígbà tó wọ ìyípo keje, kò lè ka òṣùwọ̀n kankan mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó kà á. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbogbo ọ̀nà, ibi tó tọ́ àti ibi tó tẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì," ni ọ̀gá tó di aago mú wí.

Ó fẹ́ jókòó. Kóòṣì na ìka láti ẹ̀yìn odi pé kó máa rìn, ó sì ń rìn, Kóòṣì ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òdì kejì irin. Omijé ń ṣàn lójú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì ní ìdí rẹ̀. Wọ́n rìn títí èémí fi padà sípò, títí wọ́n fi pe telọ sídìí tábìlì.

Ọ̀gá náà ní wọ́n ti gbà á, ó sì bi í ní orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́. Ó wá bi í pé, "Òbí wo la fẹ́ kọ sábẹ́ ìtọ́jú?"

"Ìyá mi, sà."

"Ọjọ́ Ajé ni káàdì wọn á jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ojú wà nínú ìtọ́jú náà?"

"Ojú, eyín, gbogbo ara."

"Ẹ bá mi kọ ojú náà síbẹ̀," ni telọ wí jẹ́jẹ́. Ó sì dúró títí ó fi rí i pé wọ́n kọ ọ́.